Ilé ìwé fẹ́ máa kó ọmọ mi tó ní autism lọ sínú igbó: kí ni kí n béèrè kí n tó fọwọ́ sí i?

ÌyáTọ́lá_SE2

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ẹ̀yin òbí. Ọmọkùnrin mi pé ọdún méje. Ó ní autism, ìyẹn ni pé ọpọlọ rẹ̀ ń gba ọ̀rọ̀ àti ariwo lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti ọmọ mìíràn. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò tíì pọ̀, ariwo sì máa ń yọ ọ́ lẹ́nu gan-an. Ilé ìwé rẹ̀, ní gúúsù ìlà-oòrùn London níbí, fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé láti sáà tó ń bọ̀, wọ́n á máa kó òun àtàwọn ọmọ mélòó kan tó nílò ìrànlọ́wọ́ lọ sí igbó Lesnes Abbey ní gbogbo àárọ̀ Thursday. Forest School ni wọ́n pè é. Òjò ì báà rọ̀, oòrùn ì báà ràn, wọ́n á lọ. Wọ́n ní wọ́n á dá iná, wọ́n á gbẹ́ igi, wọ́n á wá kòkòrò.

Bàbá rẹ̀ ní òun kò gbà. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ ìṣirò, wọ́n wá fẹ́ kó tiwa lọ máa fi ẹrẹ̀ ṣeré, ọgbọ́n àtimú un kúrò nínú kíláàsì ni. Ìyá ọkọ mi tó wá kí wa láti Ìjẹ̀bú sọ tiwọn lọ́tọ̀. Wọ́n ní ọmọ tí kò lè fẹnu sọ ohun tó ṣe é, a kì í mú un wọ igbó. Ní tèmi, ọkàn mi fà sí i, torí pé ìgbà tí a bá wà ní páàkì ni ara ọmọ yìí máa ń balẹ̀ jù lọ. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tó yẹ kí n béèrè kí n tó fọwọ́ sí ìwé náà. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ti lọ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Akọ́mọnígbó

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ, ìyá Tọ́lá. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn, igbó Epping ni àwa ti ń ṣe tiwa. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, kí bàbá Tọ́lá lè mọ̀ pé kì í ṣe àrà tí ilé ìwé yín ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ní 1993, àwọn olùkọ́ àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa ìtọ́jú ọmọ kéékèèké ní Bridgwater College, ní Somerset, lọ sí Denmark. Wọ́n bá àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi níbẹ̀ tí wọ́n ń fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ wọn wà níta, àní nínú òtútù. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n dá tiwọn sílẹ̀, ibẹ̀ ni orúkọ Forest School ti tàn ká ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2012 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Forest School Association sílẹ̀. Ìlànà mẹ́fà ló wà tí wọ́n retí pé kí ẹni tó bá ń jẹ orúkọ náà tẹ̀ lé.

Nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, èyí tó kàn yín jù ni pé wọ́n gbọ́dọ̀ máa padà lọ lemọ́lemọ́ fún ìgbà pípẹ́, ibì kan náà bó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Ìjáde ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún kì í ṣe Forest School, ìgbafẹ́ ni. Ẹni tó ń darí rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí, Level 3 ó kéré tán. Ẹ béèrè rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí ariwo ń yọ lẹ́nu nínú kíláàsì. Ohùn ń lu ògiri, ó ń padà. Iná orí àjà ń kùn, àga ń ha ilẹ̀, ọgbọ̀n ọmọ ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú igbó, ohùn kàn ń lọ ni, kò rí ògiri tó máa lù. Tí nǹkan bá sì sú ọmọ, ó lè rìn sẹ́yìn kó lọ dúró ti igi kan, kò sẹ́ni tó máa sọ pé ó sá kúrò ní kíláàsì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ara wọn ń fẹ́ iṣẹ́ tó wúwo: kí wọ́n wọ́ ẹ̀ka ńlá, kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, kí wọ́n fa okùn. Tí wọ́n bá ṣe é tán, ẹ ó rí i tí èjìká wọn wálẹ̀.

Ìṣirò tí bàbá ń wí wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pa àtíbàbà gbọ́dọ̀ wá igi mẹ́ta tó gùn dọ́gba, á gbé wọn ti ara wọn, á wò ó, á padà lọ wá òmíràn. Ọ̀rọ̀ ẹnu náà wà níbẹ̀. Mo máa ń fi okùn sápò mi, ẹni tó bá fẹ́ ẹ á béèrè: pẹ̀lú ẹnu, pẹ̀lú ọwọ́, tàbí kó mú àwòrán okùn wá fún mi. Iná ni ọ̀gá gbogbo rẹ̀. A máa ń to ìtì igi yí i ká ṣe ìjókòó. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gba àárín kọjá, ẹ̀yìn ìjókòó ni ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ sún mọ́ ọn á fi eékún kan kúnlẹ̀, kó lè tètè fa ara rẹ̀ sẹ́yìn. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n sọ fún mi pé kò gbọ́ràn sẹ́nikẹ́ni lẹ́nu, tí kò rú òfin iná yìí rárá, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ rí ìdí tí òfin náà fi wà.

BàbáWúrà_Leeds

Ẹ má bínú, mo wà lẹ́yìn bàbá Tọ́lá. Ilé ìwé tí ọmọ mi kọ́kọ́ lọ, nígbàkigbà tó bá ti figbe ta, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń mú un lọ. Wọ́n ní ó fẹ́ràn ìta. Kò sẹ́ni tó ń kọ́ ọ ní ohunkóhun níbẹ̀, ẹni tó yẹ kó máa bójú tó o ń tẹ fóònù. Nígbà tí sáà parí tí mo béèrè ohun tó kọ́, àwòrán ibi tó jókòó sí lórí kùkùté ni wọ́n fi hàn mí. Inú bí mi débi pé mi ò lè sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ìyá Tọ́lá, ẹ béèrè ohun tó ń lọ ní kíláàsì ní àárọ̀ Thursday tí ọmọ yín máa pàdánù. Tó bá jẹ́ ìgbà yẹn ni ẹni tó ń kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ ń wá, ẹ ní kí wọ́n yí ọjọ́ padà. Kí wọ́n sì sọ ìdí tó fi jẹ́ pé àwọn ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ nìkan ni wọ́n ń kó lọ. Tí igbó bá dára tó bí wọ́n ṣe ń wí, ó yẹ kí àwọn ọmọ yòókù náà lọ, kí wọ́n jọ ṣeré, kí Tọ́lá ní ọ̀rẹ́ tó máa mọ orúkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá padà sí kíláàsì.

Akọ́mọnígbó

Bọ̀dá, òótọ́ lẹ sọ, kò sì dùn mọ́ mi nínú pé ó ṣẹlẹ̀ sí yín. Tí mo bá dé ilé ìwé kan tí wọ́n fa ọmọ méje "tó ń dààmú wọn" lé mi lọ́wọ́, mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fi àwọn tó fara balẹ̀ mẹ́ta sí i. Ó máa ń yà wọ́n lẹ́nu ẹni tó máa jẹ́ aṣáájú níbẹ̀. Ọmọ tí kò lè kọ ìlà kan lè jẹ́ ẹni tó mọ igi tó gbẹ yàtọ̀ sí èyí tó tutù, òun sì ni gbogbo àwọn yòókù máa wá bá.

ÀǹtíSENCO

Ẹ kú ìjókòó o. SENCO ni mí, ìyẹn olùkọ́ tó ń ṣètò ìrànlọ́wọ́ fún àwọn ọmọ tó nílò rẹ̀, ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo sì fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ ìwé, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fi ọgbọ́n yí àwọn òbí wa po. England ni mò ń sọ o, Scotland àti Wales ní òfin tiwọn.

Ìyá Tọ́lá, ṣé ọmọ yín ní EHCP, ìwé ètò tí council (ìjọba ìbílẹ̀) ń ṣe fún ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ pàtàkì? Tó bá ní, ẹ ṣí i sí Section F. Ohun tó bá wà níbẹ̀, òfin Children and Families Act ti 2014 sọ ọ́ di dandan fún council láti rí i pé ọmọ náà rí i gbà. Ohun tí wọ́n kàn ń fẹnu sọ fún yín ní ẹnu géètì ilé ìwé, wọ́n lè gbà á padà lọ́la tí owó bá tán. Tó bá wá hàn lẹ́yìn sáà kan tàbí méjì pé igbó yìí ń ṣe ọmọ yín lóore, ẹ mú ẹ̀rí dání lọ sí ìpàdé àyẹ̀wò ọdọọdún, kí ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú Section F. Kí wọ́n sì kọ ọ́ ní pàtó: wákàtí mélòó lọ́sẹ̀, ta ni yóò darí rẹ̀, ẹni mélòó ni yóò wà pẹ̀lú rẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ kó kọ́. Tí wọ́n bá kọ "àǹfààní láti máa jáde síta nígbà tó bá yẹ", ẹ má gbà. Kò sẹ́ni tó lè fi irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ mú council.

Tí kò bá ní EHCP, ẹ̀yin òbí lè kọ̀wé sí council fúnra yín pé kí wọ́n yẹ ọmọ náà wò. Ẹ kò nílò àṣẹ ilé ìwé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n ní láti sọ bóyá wọ́n á ṣe é, gbogbo ètò náà kò sì gbọ́dọ̀ ju ogún ọ̀sẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ council máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ ṣáà jẹ́ kí lẹ́tà yín ní déètì. Àjọ IPSEA ń fún àwọn òbí ní ìmọ̀ràn òfin lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ní àpẹẹrẹ lẹ́tà tẹ́ ẹ lè lò.

Ohun kan tún wà tó máa ń dùn mí. Àwọn ilé ìwé kan ń fi igbó ṣe ẹ̀bùn. Ọmọ ju ìwé lulẹ̀ ní Wednesday, wọ́n ní kò ní lọ ní Thursday. Ọmọ tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ rárá lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n wá gba ohun tó ń mú ara rẹ̀ balẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i pé ẹ kò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

ÌyáMosún

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni genotype ọmọ yín? Mo ń béèrè nítorí pé ọmọ mi obìnrin jẹ́ SS, kò sì sí ẹnì kankan ní ilé ìwé tó rántí rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pín fọ́ọ̀mù. Wọ́n ti mọ̀ nípa ADHD rẹ̀ (àìlè pọkàn pọ̀ àti àìlè jókòó jẹ́ẹ́), ibẹ̀ ni gbogbo ojú wọn wà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òtútù, aṣọ tútù lára, àìmu omi tó, sísáré ju agbára lọ, gbogbo rẹ̀ ló lè fa ìrora eegun fún ọmọ sickle cell. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ ló bá wa kọ ìwé ètò ìtọ́jú tí ilé ìwé ń tẹ̀ lé. Bí aṣọ rẹ̀ bá ti tutù, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọn kò ní dúró dìgbà tí wọ́n bá padà. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wà nínú fúláàsì rẹ̀, wọ́n sì ń rán an létí kó mu ún. Tó bá ti ní ẹsẹ̀ ń ro òun, wọ́n á pè mí. Tí òtútù bá ti pọ̀ jù, ó ń dúró sílé ìwé, òun àti ọmọ mìíràn tó bá fẹ́ bá a dúró á jọ ṣe iṣẹ́ igbó nínú ilé. Pẹ̀lú gbogbo èyí, ó ń lọ, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i.

Fún gbogbo ọmọ, aṣọ ló ń pinnu bóyá ọjọ́ náà máa dùn. Ẹ má wọ jeans fún un, ẹ má sì fi aṣọ òwú sún mọ́ ara rẹ̀, tó bá ti mu omi kì í tètè gbẹ. Kí ó wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta léra, ti òkè pátápátá kí ó jẹ́ aṣọ òjò lókè nísàlẹ̀. Kí bàtà òjò rẹ̀ tóbi díẹ̀ sí i kí ìbọ̀sẹ̀ nípọn lè gba inú rẹ̀. Tí ẹsẹ̀ bá há, á tutù ni. Ẹ di irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ fi fìlà bò ó, nítorí ewé àti ẹrẹ̀ inú irun tí a kò dì máa ń gba gbogbo ìrọ̀lẹ́ láti yọ. Ẹ sì má rò pé bó ṣe ń wà níta yẹn ti tó fún Vitamin D. Ìmọ̀ràn ìjọba níbí ni pé kí àwa tí àwọ̀ wa dúdú ronú nípa lílò ó jálẹ̀ ọdún, máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́.

Ẹ yẹ ara rẹ̀ wò ní alẹ́ ọjọ́ igbó: ẹ̀yìn orúnkún, abíyá, ìdí, ẹ̀yìn etí, inú irun. Eégbọn inú koríko ń gbé àrùn Lyme kiri. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ fi ohun ìfàyọ ẹlẹ́nu tínrín mú un níbi tó sún mọ́ awọ ara jù, kí ẹ rọra fà á sókè tààrà. Ẹ má fi iná jó o, ẹ má fi epo pa á. Lára funfun, àmì àrùn náà máa ń pọ́n yípo. Lára tiwa, ó ṣòro láti rí, ó lè dà bí ibi tí nǹkan ti gbá. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́rin kó tó yọ, nítorí náà ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ rí eégbọn náà sílẹ̀ fún dókítà.

ÌyáTọ́lá_SE2

Olúwa á máa bá wa tọ́jú Mosún o. AA ni Tọ́lá. Ẹ ṣeun gbogbo yín, mo ti ń kọ wọ́n sínú ìwé. Ohun tó ń já mi láyà jù ni pé Tọ́lá máa ń sá. Tó bá ti rí nǹkan tó wù ú, á kàn fò lọ ni, kì í wẹ̀yìn. Ó sì máa ń ki nǹkan bọnu: ewé, òkúta, ohunkóhun. Tí mo bá sọ èyí fún ilé ìwé, ṣé wọn ò ní sọ pé kó má lọ mọ́?

Akọ́mọnígbó

Ẹ sọ fún wọn, ìyá mi. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀. Ọmọ tí mo mọ̀ pé ó ń sá kì í dẹ́rù bà mí, èyí tí wọ́n fi pamọ́ fún mi ni mò ń bẹ̀rù.

Kí wọ́n tó mú un wọ ibẹ̀, kí wọ́n ti fi àwòrán ibi náà hàn án, kí ẹ̀yin náà mú un lọ ní Saturday kan, kí ó mọ̀ ọ́n. Ibi ìjókòó gbọ́dọ̀ jìnnà sí títì àti omi. A máa ń so ọ̀já pupa mọ́ igi yíká ààlà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, rírìn yí ààlà yẹn ká nìkan ni a lè máa ṣe, a ó máa fọwọ́ kan ọ̀já kọ̀ọ̀kan. Eré kan wà tí a ń ṣe: olùkọ́ á ké pé "Ení, èjì, ẹ̀ta, níbo lẹ wà?", àwọn ọmọ á dáhùn láti ibi tí wọ́n wà. Ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ a máa fi fèrè dáhùn. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ bá ń gorí ọ̀sẹ̀, ó ti di ara fún wọn. Ṣùgbọ́n eré kò rọ́pò ènìyàn. Fún Tọ́lá, ó yẹ kí ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju òun nìkan lọ, kí ó sì jẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ẹni tí wọ́n yá wá láàárọ̀ yẹn. Ẹ béèrè orúkọ rẹ̀.

Lórí ìkibọnu, olórí ibẹ̀ gbọ́dọ̀ yẹ ilẹ̀ wò láàárọ̀ kí àwọn ọmọ tó dé, kó mọ èyí tó léwu níbẹ̀: olú inú igbó, igi yew tí wọ́n máa ń gbìn sí àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì, foxglove, àti èso pupa orí ewéko tí wọ́n ń pè ní lords-and-ladies, tó máa ń wu ọmọdé. Ẹ ní kí wọ́n fi ohun tí ọmọ lè máa jẹ lẹ́nu láìséwu so mọ́ ọrùn rẹ̀.

Tí wọ́n bá sì ní kó má lọ nítorí pé ó ń sá, ÀǹtíSENCO á ti mọ ìdáhùn.

ÀǹtíSENCO

Equality Act ti 2010. Ilé ìwé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe àtúnṣe tó bójú mu kí ọmọ tó ní àìlera lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ kópa. Wọn kò lè fi í sílẹ̀ nìkan nítorí pé ó rọrùn fún wọn. Ẹ béèrè àtúnṣe tí wọ́n ti gbìyànjú, kí wọ́n fi sínú ìwé.

Àdùkẹ́_Brum

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi, nítorí pé ìyìn ti pọ̀ jù níbí. Ọmọbìnrin mi ní autism, kò sì fẹ́ràn igbó rárá. Ohun tútù kì í kan ọwọ́ rẹ̀ kó má sunkún. Òórùn ewé jíjẹrà ń rìn ín lọ́kàn. Èéfín iná a máa jẹ́ kó bo ojú. Wọ́n fún un ní ìbọ̀wọ́, wọ́n fi tàpólì ṣe òrùlé fún un, wọ́n gbé àga tirẹ̀ wá, wọ́n fi í sí ibi tí atẹ́gùn kì í gbé èéfín sí. Wọ́n gbìyànjú dáadáa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kò ṣiṣẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kì í sùn. A yọ ọ́ kúrò, omi ìlúwẹ̀ẹ́ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń tàn.

Nítorí náà, ìyá Tọ́lá, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ó ní ọ̀nà láti sọ pé ó tó. Káàdì kan, àmì ọwọ́ kan, ohunkóhun. Wọ́n ń sọ pé ọmọ ló ń darí nínú Forest School. Ọmọ tí kò lè sọ pé òun fẹ́ padà sílé, kí ló ń darí?

Akọ́mọnígbó

Mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn, àǹtí Àdùkẹ́. Igbó kì í wo autism, kò sì sí ẹni tó yẹ kó tà á fún yín bíi oògùn.

Sáíkọ́Ọmọdé

Lórí oògùn tí ẹ̀gbọ́n mẹ́nu bà: ìwádìí wà, ẹ kàn má fi kún un. Èyí tí wọ́n máa ń tọ́ka sí jù ni ti Faber Taylor àti Kuo ní Yunifásítì Illinois, tó jáde ní 2009. Àwọn ọmọ ADHD tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 7 sí 12 rin ìrìn ogún ìṣẹ́jú ní ibi mẹ́ta, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: páàkì, àárín ìlú, àti àdúgbò ibùgbé. Wọ́n pọkàn pọ̀ dáadáa jù lẹ́yìn ti páàkì. Ó wú mi lórí, ṣùgbọ́n ọmọ 17 péré ni, páàkì sì ni, kì í ṣe Forest School. Nítorí náà, ẹ kọ ti ọmọ yín sílẹ̀ fúnra yín. Báwo ló ṣe sùn ní alẹ́ Thursday? Ọ̀rọ̀ wo ló sọ tí kò sọ rí? Ṣé ó jẹun? Fi ọ̀sẹ̀ wé ọ̀sẹ̀. Ẹ̀rí tí ÀǹtíSENCO ní kẹ́ ẹ mú lọ sí ìpàdé nìyẹn.

Olùkọ́_Ìbàdàn

Ẹ kú ìlú òkèèrè, láti Ìbàdàn. Olùkọ́ àwọn ọmọ tó ní àìlera ni mí. Mo fẹ́ bá ìyá ọkọ ìyá Tọ́lá gbè díẹ̀, ẹ má bá wọn jà. Igbó tí wọ́n mọ̀ nílé, ejò ń bẹ níbẹ̀, ìjàlọ ń bẹ níbẹ̀, yèrèpè ń bẹ níbẹ̀ tó máa mú ọmọ yún ara títí di alẹ́. Ká má tíì sọ ti ìtàn iwin àti egbére tí wọ́n fi tọ́ wa kí a má bàa ṣáko wọ igbó. Àgbà tó bẹ̀rù igbó fún ọmọ tí kò lè kígbe ní ọgbọ́n lórí. Ẹ mú wọn dé Lesnes Abbey yẹn, kí wọ́n fojú ara wọn rí i.

Níbí, èmi kò ní igbó oak, ṣùgbọ́n IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ní igbó tó tó hẹ́kítà 350 láàárín Ìbàdàn, a sì máa ń tọrọ àyè kó àwọn ọmọ wa débẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá wà. Ní ọjọ́ yòókù, ẹ̀yìn ilé ìwé ti tó. Patanmọ́ wà níbẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ mi tí kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Á fi ìka kan patanmọ́, ewé á pa dé, á wá wo ojú mi bóyá mo rí i. Á dúró títí tó fi máa ṣí, á tún ṣe é. Mo ti fi patanmọ́ yẹn kọ́ ọ ní "ó ṣí", "ó pa dé", "dúró", "ó kù díẹ̀". Àwòrán orí pátákó kò ṣe é fún un.

Ìṣòro tiwa ni pé àwọn òbí ń fi ọmọ wọ̀nyí pamọ́ sínú yàrá. Òfin wà láti January 2019 tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláìlera léèwọ̀ ní Nàìjíríà, àmọ́ ọmọ tí kò jáde láti ilé, òfin kò mọ̀ pé ó wà. Fún èmi, kí aládùúgbò rí wọn níta, kí wọ́n máa ṣeré ní gbangba, ìdajì iṣẹ́ náà nìyẹn.

BàbáWúrà_Leeds

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́. Ohun tí mò ń wá nìyẹn o: "ó ṣí", "ó pa dé". Ẹ̀kọ́ tí ènìyàn lè tọ́ka sí. Ká ní wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún Wúrà, mi ò bá má yọ ọ́ kúrò.

ÌyáTọ́lá_SE2

Ẹ̀yin ará, mo ti lọ rí wọn. Mo mú ìwé tí mo kọ látinú ọ̀rọ̀ yín dání, mo sì kà á fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Olórí Forest School wọn ní Level 3. Ẹni tí yóò wà pẹ̀lú Tọ́lá ni obìnrin tó ti ń ràn án lọ́wọ́ láti ọdún tó kọjá, ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwọn ọmọ mẹ́rin tí kò ní ìṣòro kankan náà ń lọ, lẹ́tà ni kò sọ ọ́. Ọjọ́ Thursday ni ẹni tó ń kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ ń wá lóòótọ́, wọ́n sì ti gbé e lọ sí Tuesday. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ pé wọn kò ní fi igbó jẹ ẹ́ níyà. Olórí ilé ìwé kọ́kọ́ ń ṣe kámi-kàmì-kámi, lẹ́yìn náà ó kọ ọ́.

A mú màmá àti Tọ́lá lọ síbẹ̀ ní Saturday. Òkìtì ilé àwọn mọ́ńkì tí wọ́n kọ́ ní 1178 ni ẹ máa kọ́kọ́ rí, kí ẹ tó wọ igbó. Ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gbà kí ènìyàn gbẹ́ iyanrìn, kó jọ̀ ọ́, kó máa wá eyín ẹja ekurá tó ti wà nílẹ̀ láti ohun tó lé ní 50 mílíọ̀nù ọdún. Tọ́lá kò kúrò nídìí iyanrìn yẹn. Màmá wo gbogbo ilẹ̀ yíká, wọ́n béèrè ibi tí ejò wà, wọ́n bá èsìsì àwọn òyìnbó pàdé, wọ́n ní ewé kí ni ó máa pa oró rẹ̀. Wọn kò tíì sọ pé àwọn gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ti ra fìlà nípọn fún un. Bàbá rẹ̀ ní òun á gba àyè níbi iṣẹ́ kí òun lè tẹ̀ lé wọn lọ ní Thursday àkọ́kọ́, ilé ìwé sì gbà.

Ohun kan ló kù tí mo gbàgbé láti béèrè. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́? Tọ́lá kì í lo ibi tí kò mọ̀, á mú un mọ́ra títí ara á fi ro ó.

ÌyáMosún

Ìyẹn gan-an ló dààmú wa jù. Àgọ́ kékeré kan ni wọ́n máa ń pa, wọ́n á gbé ìjókòó tó ní àpò sínú rẹ̀. Ẹ ra irú rẹ̀ tàbí kí ẹ yá a lọ́wọ́ wọn, ẹ gbé e sí bálùwẹ̀ yín nílé láti ìsinsìnyí, kó máa lò ó níbẹ̀. Nígbà tó bá fi dé igbó, ohun tó mọ̀ ló máa bá. Kí ẹ sì fi aṣọ ìpààrọ̀ méjì sínú àpò, kì í ṣe ọ̀kan.